Abèèrè kì í ṣìnà, bí ẹni tí a bi bá mọ̀nà

Àwọn àgbà wa ní abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà fi ohun kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n: ó gbà pé ẹni tí a bi mọ ọ̀nà, pé ìbéèrè náà yé e, àti pé ó lè ṣàlàyé ohun tí ó mọ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, abèèrè yóò ṣìnà, ẹni tí a bi yóò sì di ẹlẹ́bi láìṣẹ̀. Ọ̀ràn àwọn àlejò tí ń ti òkè òkun wá lo ìsinmi wọn lọ́dọ̀ wa ni ó mú mi ronú kan òwe yìí.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Bélú, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ, ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i. Ayẹyẹ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ti oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ó ní ìsinmi tirẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a máa kó ogunlọ́gọ̀ wọn jọ sí Ouidah. Láti ibẹ̀ àwọn mìíràn a gba Àjàṣẹ́, Abomey, Kétu àti Sábẹ lọ. Olúkúlùkù wọn ni ó ti ka ìwé kan tàbí òmíràn kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ó yẹ kí àlejò mọ̀, inú èdè wa ni ó wà, kò sì tí ì dé orí ìwé. Bí àwa fúnra wa kò bá kọ ọ́, ní èdè wa ná kí a tó túmọ̀ rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa kọ ọ́ bí ó ti wù wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé oríyìn fún ohun tí ó tọ́. Lórí bí a ṣe ń wọ ìlú, àlàyé tí ó péye wà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà èyíkéyìí kò nílò físà láti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù a máa béèrè fún tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kúrò nílé. 50 yúrò ni owó ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan fún 30 ọjọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní fièvre jaune, jẹ́ dandan, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán lára ẹni kí ó tó dé. Láti oṣù Agẹmọ 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni tí a gún. Nítorí náà, ẹni tí tirẹ̀ ti ju ọdún 10 lọ kò níláti gún òmíràn kí a tó jẹ́ kí ó wọlé. Ibà ẹ̀fọn wà ní gbogbo ilẹ̀ wa, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Kí àlejò bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ìdènà rẹ̀ kí ó tó gbéra, kí ó sì máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí ìwé kan ń sọ, tí òmíràn ń gbàgbé. Yúrò 1 jẹ́ fráǹkì CFA 655,957. Iye náà kì í yí padà láàárọ̀ lálẹ́ bí ti dọ́là, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé yúrò wá lè ṣírò owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó wá owó wẹ́wẹ́ sí àpò: oní-zém tí ń gbé èrò àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ kùtù kò lè rí ṣéńjì 10 000 fráǹkì fún un. Kí ó sì ná owó kí ó tó gun kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ó bá dé ibi tí ó ń lọ. Iná mànàmáná wa jẹ́ 220 fóòltì, ojú iná ara ògiri wa sì jẹ́ oníhò méjì roboto bí ti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó wá pẹ̀lú èyí tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò nílò ohun tí yóò fi so wọ́n pọ̀. Agogo wa fi wákàtí kan ṣáájú ti Tógò: ẹni tí ó bá kọjá ní Hilla-Condji láti lọ kí àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé yóò dá agogo rẹ̀ padà sẹ́yìn. Láti ọdún 2017 ni òfin ti de àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà. Òkun wa dára láti wò, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ le, ìṣàn abẹ́ omi rẹ̀ sì lè gbé ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ dáadáa lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 117 ni ti ọlọ́pàá, 118 ni ti panápaná.

Gbogbo èyí ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó jókòó sí Paris tàbí Berlin lè kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan Kétu. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a mú àlejò dé pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ràn náà parí sí gan-an ni ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Orò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí Orò bá fẹ́ jáde, a máa ń kéde rẹ̀ fún ará ìlú: ní ọjọ́ báyìí, láti aago báyìí, kí obìnrin àti ọ̀gbẹ̀rì má ṣe yọjú síta. Ará ilé gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ti Lyon wá, tí ó wọ̀ sí ilé ìtura etí títì, kò gbọ́. Bí ó tilẹ̀ gbọ́ ohùn akéde, kò yé e. Ìwé ìtọ́sọ́nà ọwọ́ rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ Orò kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ sínú ìwé ní ọdún méjì ṣáájú. Ìròyìn náà wà, ó péye, ó sì bọ́ sí àsìkò; èdè wa nìkan ni ó fi jáde. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé ìtura náà ni afárá kan ṣoṣo tí ó wà láàárín akéde àti àlejò. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti sọ fún un rí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ iṣẹ́ náà, àti bí yóò ṣe jẹ́ ẹ láìdẹ́rù bà àlejò, láìsì tú àṣírí?

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Ní 2008 ó wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò ti ń béèrè rẹ̀. Ìwé ọwọ́ wọn sọ fún wọn pé ijó ni, pé àwọn oníjó ń gbé ère igi sórí, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò sọ fún wọn pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, pé àwọn ìyá ni a ń fi gbogbo rẹ̀ bọlá fún, pé ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu Ẹ̀fẹ̀ jáde ni ìlú jókòó tì. Àlejò a dé ní ọ̀sán, a ya àwòrán díẹ̀, a sì padà lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti rí i. Bákan náà ni Àkàbà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu. Ibẹ̀ ju amọ̀ àti igi lọ. Ohun tí ojú lè wò níbẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu wọn ni ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì lọ kọ ìwé.

Àwọn àlejò kan sì wà tí ọ̀rọ̀ wọn kàn wá ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, Kétu ni orúkọ tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà tí ó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́. Ní ìlú Salvador, ilé òrìṣà kan wà tí a ń fi orúkọ Alákétu pè títí di òní, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sì ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń pè ní ọba Kétu. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ti gbọ́ orúkọ Kétu láti kékeré, kí ó tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Kútọnu. Òfin tí ó jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024 sì ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ láti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá wòran. Ó wá wolé. Ó mọ orin Yorùbá tí kò lè túmọ̀ délẹ̀. Ó mọ "àṣẹ", ó mọ "ìyá" àti "bàbá". Bí ó bá jẹ́ ìwé Faransé nìkan ni a fi pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Kétu, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe tiwa, ni a fi kí ọmọ ilé káàbọ̀. Ojú ìwé kan péré tí ó kọ́ ọ bí a ti ń sọ "ẹ káàárọ̀", "ẹ kú ilé" àti "mo wá kí yín ni", tí ó sì fi hàn án ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí, yóò wúlò fún un ju ìwé ńlá aláwòrán lọ.

Iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá agbára wa. Ní ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì àgbà, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìbéèrè tí àlejò ti bi wọ́n rí. Oní-zém wà níbẹ̀, ìyá tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà nítòsí ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ilé olóyè náà wà níbẹ̀. Láìpẹ́, pátákó kún. Èló ni láti ibí dé ààfin? Ṣé mo lè ya fọ́tò? Ta ni mo máa rí kí n tó wọlé, kí ni mo sì máa mú lọ́wọ́? Ṣé omi yìí ṣeé mu? Aago mélòó ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń lọ sí Kútọnu? Ìbéèrè rọrùn, ìdáhùn ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta dá owó mẹ́ta lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò, ilé kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ní ó tì o. Kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò tí ì sí ìgbà kan tí wọ́n jókòó pa ohùn pọ̀. Kí a tó túká, wọ́n ti yan àwọn tí yóò lọ bi àwọn àgbà léèrè. Èyí ni ohun tí ìwé kíkọ ń ṣe fún ìlú: bí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu, olúkúlùkù lè máa sọ tirẹ̀, bí a bá fẹ́ fi í sórí ìwé, a gbọ́dọ̀ fẹnu kò.

Kí a sì fẹnu kò lórí òtítọ́. Inú a máa bí wa bí a bá rí i tí àwọn ìjọba òkèèrè kun apá kan nínú àwòrán ilẹ̀ wa ní àwọ̀ pupa, tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wọn má ṣe lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Èbìbí 2019, nínú ọgbà ẹranko Pendjari, wọ́n jí arìnrìn-àjò ọmọ Faransé méjì gbé, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, àwọn agbésùnmọ̀mí ti kọlu àgbègbè Pendjari àti ti ọgbà W léraléra. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó bá fi èyí pamọ́ ti di ìpolówó ọjà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba pé ìhà àríwá tí ó bá Burkina Faso àti Niger pààlà kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ní àkókò yìí. Bí a bá sọ èyí, àlejò yóò gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ bí ọ̀nà òkè Sábẹ ṣe rí fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: àlejò kò lè ka Yorùbá, kí ni ìwúlò kíkọ rẹ̀ ní Yorùbá? Ìdáhùn mi ni pé àlejò nìkan kọ́ ni a ń kọ ọ́ fún. Ẹni tí àlejò ń bi léèrè ni oní-zém, alákàrà, olùṣọ́ ilé ìtura, ọmọ ààfin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka Faransé. Bí ìwé náà bá wà ní Faransé nìkan, òun àti àlejò ni yóò jọ dúró síwájú rẹ̀ tí ẹnì kan yóò sì máa wo ẹnu ẹnì kejì. Ìdí kejì tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé tí a kọ ní Yorùbá ni àwọn àgbà lè tún ṣe. A lè kà á sí etígbọ̀ọ́ ìyá olórìṣà kan tí kò mọ ìwé, kí ó sì wí pé, "Rárá o, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń ṣe é." Ta ni yóò ka Faransé sí i létí kí ó tó lè sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ẹni tí ó ni í kò lè tún ṣe, àṣìṣe inú rẹ̀ yóò pẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ awo kò ṣeé kọ sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ààlà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó wà lẹ́yìn ààlà. Bí a bá kọ ọ́ pé "kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá ibí láìgba àṣẹ", a kò tú àṣírí kankan. A dáàbò bo àṣírí náà, a sì dáàbò bo àlejò.

Kí ni kí a wá ṣe? Ewé ìwé kan ṣoṣo ti tó fún ìlú kan. Kí Yorùbá wà ní ojú kìíní. Kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì wà ní ojú kejì, kí Kétu sì fi èdè Potogí kún tirẹ̀ nítorí àwọn ará Bahia. Kí méèrì pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó: ìjòyè, olórìṣà, àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀, ẹgbẹ́ oní-zém, àwọn obìnrin ọjà, nọ́ọ̀sì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà tí yóò mú gègé. Kí wọ́n dáhùn ìbéèrè díẹ̀: báwo ni a ṣe ń dé ìlú wa, èló sì ni, ta ni a ń kọ́kọ́ kí, ibo ni a lè wò, ibo ni a kò gbọdọ̀ wọ̀, nígbà wo ni a lè ya fọ́tò, ta ni a ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ni oúnjẹ àti omi tí ó mọ́ wà, ibo ni ilé ìwòsàn wà, ta ni yóò sọ fún àlejò bí Orò bá fẹ́ jáde.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní oṣù Ògún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè rẹ̀, ó sì ju ọdún kan lọ kí ti Sèmè tó tún ṣí. Ẹni tí ìwé ọdún 2018 wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, tí ó fẹ́ gba Kétu tàbí Àjàṣẹ́ lọ sí Èkó, pẹ̀lú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé ni ó fi ṣìnà. Bákan náà, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè wà ní títì fún àtúnṣe, ọkọ̀ lè yí àkókò padà, owó sì lè gòkè. Ìwé tí kò ní ọjọ́ lè purọ́ fúnni láìmọ̀.

Kí a lẹ ìwé náà mọ́ ara ilé méèrì, ibùdókọ̀, ilé ìtura àti ẹnu ọ̀nà ààfin. Kí olúkúlùkù oní-zém ní ẹ̀dà kan, kí ó lè kà á, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ó bá ìbéèrè àlejò mu. Ojú kejì yóò fi èdè àlejò sọ ohun kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́, kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ní òkèèrè wá dà á kọ. Inú wa yóò dùn sí i, nítorí ọ̀rọ̀ wa ni wọn yóò dà kọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má dúró de méèrì. Bí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́wàá tí àlejò lè bi yín ní ìlú yín, kí ẹ sì kọ ìdáhùn tí ó dá yín lójú síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá àgbà ilé yín ní alẹ́ òní. Èrò ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pẹ́ dé. Ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti béèrè ọ̀nà.